Ìrẹsì aago márùn-ún ìdájí, ẹnu aago méjìlá ọ̀sán: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú fúláàsì ọmọ?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ní Alímọ̀ṣọ́ níbí, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Áílàǹdì gbọ́dọ̀ ti jáde nílé kí aago mẹ́fà tó lù, torí gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ń rí ní Ìkòtún bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán. Kó tó jáde, oúnjẹ ọmọ ti gbọ́dọ̀ jinná, kó ti wọ fúláàsì, kí fúláàsì sì ti wọ báàgì. Ọmọ á dé ilé-ìwé ní aago méje àbọ̀. Aago mẹ́wàá, wọ́n á jẹ ìpápánu. Ó di aago méjìlá àbọ̀ kí wọ́n tó ṣí oúnjẹ gidi. Láti aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí sí aago méjìlá àbọ̀ ọ̀sán, wákàtí méje gbáko nìyẹn. Ọmọ tó bá sì ń dúró ṣe lesson lẹ́yìn ilé-ìwé lè fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, kó tún padà sí i ní aago mẹ́ta.

Àwa àgbàlagbà kì í sábà jẹ oúnjẹ tó ti jókòó fún wákàtí méje láìgbé e gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń jẹ ẹ́.

Kòkòrò àìfojúrí ni ẹ̀kọ́ tí mò ń ṣe fún oyè másítà dá lé lórí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé, lọ́nà Ìgàndó, ọmọ rẹ̀ sì ti pé ọdún márùn-ún. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bá tètè jáde, èmi ni mo máa ń di oúnjẹ ọmọ kí n tó wọ kòrópé lọ sí Ìyànà Ìbà. Torí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé oúnjẹ lè jinná dáadáa, kó má kan, kó má fà, kó má rùn, kó sì tún mú ọmọ bì kó tó délé. Ohun méjì péré ló sì ń pinnu rẹ̀: bó ṣe gbóná tó, àti bó ṣe pẹ́ tó.

Kòkòrò tí mo ní lọ́kàn ni wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá nǹkan oko wá sílé: ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà, ata gbígbẹ. Kò sí bí a ṣe lè ṣa ìrẹsì tó tí a ó fi ṣa òun kúrò. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé tí ayé bá ni ín lára, bí omi gbẹ, bí ooru pọ̀ jù, ńṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle kan, bíi hóró àgbàdo tó ń dúró de òjò. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní spore. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní hóró. Omi híhó máa ń pa kòkòrò tó wà láàyè, àmọ́ hóró yìí lè wà nínú ìkòkò tó ń hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì jáde láàyè.

Nígbà tí ìrẹsì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, tó ti bọ́ sílẹ̀ kúrò ní dígírì 60, ayé dẹrùn fún un. Omi wà, oúnjẹ wà, ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo kòkòrò mìíràn tí ì bá sì máa bá a du oúnjẹ, iná ti bá a pa wọ́n. Hóró á hù. Ibi tó tù ú lára jù ni nǹkan bíi dígírì 30 sí 40, ìyẹn ni pé Èkó ní ọ̀sán gangan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Níbi tó bá ti tù ú lára bẹ́ẹ̀, kòkòrò kan lè di méjì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bá mi kà á: ní wákàtí kan, ẹyọ kan ti di 8. Ní wákàtí méjì, 64. Ní wákàtí mẹ́fà, 262,144. Lóòótọ́, kì í yá tó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, torí hóró máa ń fi àkókò díẹ̀ jí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, àmọ́ ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ìyọnu rẹ̀ sì pé oríṣi méjì. Ti àkọ́kọ́, inú oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló ti máa ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní cereulide sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí mẹ́fà. Oríṣi kejì, kòkòrò náà á wọnú ìfun kó tó ṣe májèlé tirẹ̀. Èyí máa ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ní wákàtí 8 sí 16 lẹ́yìn tí a jẹun. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ ti ya ìgbẹ́ gbuuru lóru, tí a ní eyín ló ń hù?

Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù jù ni cereulide. Wọ́n ti gbé e ka ooru dígírì 121 fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, kò mira. Omi híhó ilé wa kò ju dígírì 100 lọ. Ásíìdì inú ikùn náà kò rí i gbé ṣe. Kò ní òórùn, kò ní adùn, kò ní àwọ̀. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ṣebí mo gbé e gbóná dáadáa, iná ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.” Mo ní, “Àǹtí mi, iná pa kòkòrò lóòótọ́ o. Àmọ́ ohun tí kòkòrò ti tu sílẹ̀ kó tó kú, iyẹn ṣì wà níbẹ̀.” Ó wò mí títí. Ó ní, “Ìwọ, ṣé torí o lọ kàwé ni? Ìrẹsì àná la fi tọ́ ẹ dàgbà.”

Òótọ́ ló sọ, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa, torí ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà Bacillus cereus ló lè ṣe cereulide. Díẹ̀ nínú wọn ni. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè jẹ ìrẹsì àná tó sùn nínú ìkòkò ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kí nǹkan kan má ṣe é. Àwọn tó sì ń ṣe, ìbì ọjọ́ kan ni, tó bá di ọjọ́ kejì ara ti yá. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Àmọ́ ọmọ kékeré kò ní omi púpọ̀ lára tó máa fi ṣòfò, ó sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà lè yíwọ́ fún.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Belgium lọ́dún 2003. Ìdílé kan se pásítà ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi ṣe sàláàdì, wọ́n gbé e lọ ṣe fàájì níta ní Sátidé, wọ́n sì kó ìyókù rẹ̀ sínú fíríjì. Alẹ́ Mọ́ńdè, wọ́n gbé e fún ọmọ márùn-ún jẹ. Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọbìnrin ọdún méje, kú. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló dákẹ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wo fíríjì ilé náà, dígírì 14 ló wà. Fíríjì wà o, iná wà, àmọ́ kò tutù tó. Ẹ rántí nọ́ńbà yẹn, 14, nígbà míì tí iná bá lọ láti àárọ̀ di alẹ́ tí ẹ sì ń sọ fún ara yín pé ‘ṣebí inú fíríjì ló wà.’

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí 1971, ìrẹsì díndín ti àwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà ló mú kí àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa ti èébì yìí. Àwọn alásè máa ń se ìrẹsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í kó o sí fíríjì torí á dì mọ́ra, wọ́n á fi í sílẹ̀ níta di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá fi epo dín in fìrì tí oníbàárà bá dé. Ẹ wò ó, ìrẹsì àná tí a gbé gbóná gan-an nìyẹn.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Steinar Hauge, onímọ̀ kan ní Norway. Ní òpin àwọn ọdún 1940, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣàìsàn ní Oslo lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ọbẹ̀ dídùn kan tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe, tó jọ kọ́sítáàdì wa, tí wọ́n ti sè sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, tó sì wà níta. Hauge fura sí Bacillus cereus. Kí ó lè dá a lójú, ó tọ́ kòkòrò náà dàgbà nínú irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e mu! Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ó rí ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò nílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí fúláàsì. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé kò le: oúnjẹ tí a ti sè, kó gbóná ju dígírì 60 lọ títí a ó fi jẹ ẹ́, tàbí kó tutù ju dígírì 5 lọ. Tó bá jẹ́ àárín méjèèjì ló wà, kó má ju wákàtí méjì lọ. Wákàtí méje tí mo kà lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ rántí? Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé fúláàsì tí ẹ rà lè mú oúnjẹ dúró lókè 60 títí di ọ̀sán?

Ọdún 1892 ni James Dewar, onímọ̀ ọmọ Scotland, ṣe ìgò oníhà méjì tó fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde. Kì í ṣe ìrẹsì ló fẹ́ fi í gbé. Afẹ́fẹ́ tó ti tutù débi tó di olómi ló fẹ́ tọ́jú. Ní 1904 làwọn ará Jámánì kan sọ ọ́ di ọjà, tí wọ́n pè é ní Thermos. Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru máa ń gbà sá lọ: ó lè gba ara nǹkan tó kan ara wọn, ó lè bá afẹ́fẹ́ tàbí omi tó ń rìn lọ, ó sì lè ta jáde bí ìtànṣán, bí iná ààrò ṣe máa ń ta sí wa lójú láti òkèèrè. Níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ ti dí. Ara irin tó ń dán gbinrin á dá ìkẹta padà. Ìdérí nìkan ló kù tí ooru lè gbà jáde.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ fúláàsì ọmọdé tí wọ́n tò kalẹ̀ lọ́jà Ìkòtún àti ní Ẹ̀gbẹ́dá kì í ṣe irú ti Dewar. Ike méjì ni wọ́n fi wọ ara wọn, afẹ́fẹ́ lásán ló wà láàárín, nígbà míì fóòmù. Wọ́n á lẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á ya kàtúùnù sí i lára, ọmọ á ní òun ò fẹ́ òmíràn. Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré o. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n rèé: ẹ da omi híhó sínú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń gbóná, ooru ti ń sá jáde nìyẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà oúnjẹ, ẹ wọ̀n ọ́n. Tí ẹ ò bá ní, ẹ dà á sínú ife: tó bá jẹ́ pé ẹ lè gbé e mu gbùrùgbùrù láìfẹ́ ẹ lẹ́nu rárá, ó ti kúrò ní 60 tipẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé omi máa ń tọ́jú ooru ju ìrẹsì lọ. Tó bá já omi kulẹ̀, kò lè ṣe ìrẹsì lóore.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í ronú sí, òun ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kúlà ńlá tí wọ́n máa ń gbé lọ síbi ìnáwó, oúnjẹ inú rẹ̀ ṣì máa ń gbóná títí tí gbogbo ènìyàn á fi jẹun tán. Kí ló dé tí ti ọmọ fi ń tètè tutù? Ẹ fojú inú wo oúnjẹ tó rí bí àpótí, tí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Inú rẹ̀ gba 1,000, ara rẹ̀ ìta sì jẹ́ 600. Ẹ wá dín igun kọ̀ọ̀kan kù sí 5: inú rẹ̀ á di 125, ara rẹ̀ á di 150. Inú ni ooru ń gbé, ara ló ń gbà sá. Ti ńlá ní ara 0.6 fún inú kọ̀ọ̀kan, ti kékeré ní 1.2. Ìlọ́po méjì! Ọmọ kékeré, ikùn kékeré, oúnjẹ kékeré, ìtutù kíákíá. Tẹ́ ẹ bá tún wá ra fúláàsì ńlá kó lè pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, tẹ́ ẹ sì bu ṣíbí mẹ́rin sísàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó kún òkè ni ìrẹsì á máa fún lóoru. Fúláàsì tí oúnjẹ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu ló dára.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Tí mo bá ti gbé ìkòkò kaná, mo máa ń da omi híhó sínú fúláàsì, mo dé e, mo fi í sílẹ̀ títí oúnjẹ á fi jinná, ó kéré tán ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Irin tútù máa ń jẹ lára ooru oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó jẹ ti omi dípò ti ìrẹsì. Mo da omi nù, mo bu oúnjẹ tó ṣì ń rú èéfín sínú rẹ̀ tààrà láti orí iná, mo dé e pa lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn máa ń wà nìyẹn. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ẹ má dé oúnjẹ gbígbóná, á kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣí fúláàsì sílẹ̀ kí ooru ‘jáde’ díẹ̀ kí wọ́n tó dé e. Wọn kò parọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá àwo ike lásán mu ni. Tẹ́ ẹ bá dé ìrẹsì gbígbóná sínú ike, kò ní lè gbóná dúró, kò sì ní lè tètè tutù. Á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, omi á máa kán láti ìdérí sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa kan lóòótọ́. Àmọ́ nínú fúláàsì tó dáńgájíá, ooru yẹn gan-an ni olùṣọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kó jáde ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu geéètì. Ẹ kàn kọ́ ọmọ pé tó bá ṣí i, kó dúró díẹ̀, kó fẹ́ ẹ, kó má bàa fi jó ẹnu, ẹ sì sọ fún áńtí kíláàsì rẹ̀ náà.

Tí kò bá sí fúláàsì gidi ńkọ́? Ẹ lè gba ọ̀nà òdì kejì, ọ̀nà títutù. Sánwíìṣì ẹyin, yọ́gọ́ọ̀tì, èso tí a ti gé, gbogbo wọn ló fẹ́ ìtutù. Tí iná bá wà lóru, ẹ ju pure water kan sínú fírísà. Tó bá ti dì, ẹ fi nylon méjì wé e, ẹ fi aṣọ ìnura kékeré ká a, kẹ́ ẹ tò ó mọ́ ara àwo oúnjẹ nínú báàgì. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni pé yìnyín nílò ooru púpọ̀ kó tó yọ́. Ooru tó lè yọ́ yìnyín di omi ní dígírì 0 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó lè gbé omi kan náà láti 0 dé 80. Inú oúnjẹ àti báàgì ló ti máa rí gbogbo ooru yẹn fà. Ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ń gbé báàgì sí ní kíláàsì. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, lábẹ́ páánù tí kò ní sílíìnì, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ní ti ìrẹsì àná: mi ò sọ pé kẹ́ ẹ dà á nù, mo mọ iye tí ìrẹsì ń jẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bó ṣe sun. Tẹ́ ẹ bá ti jẹun alẹ́ tán, ẹ má dúró kí ìkòkò tutù fúnra rẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́. Ẹ tẹ́ ìrẹsì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwo fífẹ̀, ẹ gbé àwo náà sínú omi tútù, ẹ fẹ́ ẹ ní fáànù, kó tó wákàtí méjì kó ti wọ fíríjì. Láàárọ̀, ẹ gbé e gbóná títí á fi máa rú èéfín dé inú, kó tó wọ fúláàsì tí ẹ ti fi omi híhó bọ̀. Àmọ́ tí iná bá lọ, fíríjì tí a kò ṣí lè tutù fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má dé inú báàgì ọmọ. Ọgbọ́n mìíràn tí mo rí láàárín àwọn aládùúgbò wa ni kí wọ́n bọ ìrẹsì lálẹ́, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kó dúró nínú ajọ̀ di ìdájí kí iṣẹ́ lè yá. Ìrẹsì abọ́-sílẹ̀ yẹn ti gba omi, ó ti gba ooru, hóró ti jí. Ata ni kẹ́ ẹ dín sílẹ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ fi sí fíríjì. Ìyẹn ló máa ń jẹ àkókò jù.

Jọ̀lọ́ọ̀fù ńkọ́, ṣebí tòmátò ní ásíìdì? Ó ní, àmọ́ kò tó láti dá kòkòrò yìí dúró. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Fried rice tún burú jù ú lọ, ó ní kárọ́ọ̀tì, ó ní ẹ̀dọ̀, ó ní omi ẹ̀fọ́. Àwọn alásè ìnáwó mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n máa ń sọ pé ó tètè ń bàjẹ́.

Oúnjẹ tí àwọn baba ńlá wa ń gbé lọ sóko yé mi nísinsin yìí ju bó ṣe yé mi nígbà kékeré lọ. Ògì ti kan kó tó di ẹ̀kọ, àwọn bakitéríà kan ti ṣe ásíìdì sínú rẹ̀, Bacillus cereus kì í sì í fẹ́ ibi tó bá ti kan tó bẹ́ẹ̀. Gààrí ti kan, ó tún gbẹ. Ibi gbígbẹ, hóró kò lè hù. Torí náà, lọ́jọ́ tí kò sí gáàsì, tí kò sí àkókò, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a kò gé, ṣìnṣín, wọn kì í ṣe oúnjẹ òṣì. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ yọ ẹ̀pà odindi kúrò níbẹ̀, torí ó lè há a lọ́fun. Mọ́ínmọ́ín dára tó bá gbóná gidi. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun àti ìrẹsì, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọwọ́ wa náà ńkọ́? Kòkòrò mìíràn wà tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus, tó ń gbé inú imú nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. A nu imú, a fi ọwọ́ kan náà ya adìyẹ sínú ìrẹsì ọmọ. Májèlé tirẹ̀ náà kì í bẹ̀rù iná. Ṣíbí ni kẹ́ ẹ lò.

Tí ọmọ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì lẹ́yìn tó ti ilé-ìwé dé, omi ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Ẹ ra ORS ní ilé oògùn, iye omi tí wọ́n kọ sára páálí gan-an ni kẹ́ ẹ fi pò ó, kẹ́ ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá jìn, tí kò tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, tó ń tòògbé láìnídìí, tàbí tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, Ìgàndó ni Alimosho General Hospital wà. Ẹ sọ ohun tó jẹ fún dókítà, àti aago tó jẹ ẹ́.

Ó ku fífọ̀. Ìdérí fúláàsì ní rọ́bà roboto kan tó yí inú rẹ̀ ká. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí yọ ọ́ lónìí, kẹ́ ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ máa bá níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló yẹ kó jáde, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ dojú ìdérí àti fúláàsì dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n gbẹ di ìdájí. Tí rọ́bà náà bá ti ya, ooru á máa gba ibẹ̀ jáde. Àwọn tó ń ta ohun èlò ìdáná máa ń tà á lọ́tọ̀, ẹ kàn mú ti àtijọ́ dání kí wọ́n lè fi wọn ìwọ̀n rẹ̀.